Ẹni tí ó Lọ Sin Ìlú, Ìlú ni Yóò Kọ́ Ọ

   Lónìí, ọ̀rọ̀ inú ilé mi ni mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀kọ́ fún gbogbo wa, nítorí mo mọ̀ pé irú rẹ̀ wà nínú ilé púpọ̀ láàárín yín.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọ àbúrò mi obìnrin parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì. Ẹ̀kọ́ ìṣirò owó ni ó kọ́, ó sì yege dáadáa. Wọ́n pè é sí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ó lo ọjọ́ 21 ní àgọ́ wọn ní Ìyànà-Ìpájà, tí kò jìnnà sí ilé mi ní Oko Ọba níhìn-ín. Ní ọjọ́ tí wọ́n tú ká, ọ̀dọ̀ mi ni ó gbà wá, pẹ̀lú ẹrù lórí àti ìwé lọ́wọ́. N kò tí ì bèèrè bí àgọ́ ti rí tí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, ẹ wo ibi tí wọ́n fi mí sí! Gbogbo ọ̀rẹ́ mi ni ó ń lọ sí báńkì ní Erékùṣù. Èmi nìkan ni wọ́n ní kí n lọ máa kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nítòsí odò ẹran."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyá rẹ̀ ti pè mí láti Òṣogbo níbi tí ó ti ń ta aṣọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ bá mi wá ẹni tí yóò bá wa yí i padà. Ṣé nítorí kí ó lè máa nu imú ọmọ ọlọ́mọ ni mo ṣe jókòó sí oòrùn ọjà fún gbogbo ọdún tí ó fi kàwé?"

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, n kò ní purọ́ fún yín. Mo gbé fóònù, mo pe ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mo kọ́ nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ó ti di ọ̀gá ní báńkì kan. Mo ro ẹjọ́ mi fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Bàbá Tíṣà, ẹ̀yin náà? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kó wa lọ gbálẹ̀ ọjà ní ọjọ́ Ẹtì, tí ẹ máa ń sọ fún wa pé ẹni tí kò lè gbá ilẹ̀ ìlú kò lè jẹ olórí ìlú?"

Ojú tì mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì gbé fóònù kalẹ̀. Àwa àgbà, ó rọrùn fún wa láti wàásù fún ọmọ ọlọ́mọ. Ìgbà tí ó bá kan ọmọ tiwa ni a máa ń wá ọ̀nà ẹ̀bùrú.

Mo pe ọmọ náà, mo ní kí ó jókòó. Mo sọ ibi tí ètò àgùnbánirọ̀ ti wá fún un. Ogun abẹ́lé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1967 parí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ rẹ̀ wà lọ́kàn àwọn ènìyàn, ará ìhà kan kò sì fọkàn tán ará ìhà kejì. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 1973, ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon ṣe òfin tí ó dá ètò náà sílẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ tí ó bá jáde yunifásítì lè lọ fi ọdún kan sin ìlú tí kì í ṣe ìlú bàbá wọn. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébáyọ̀ Adédèjì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà náà kò fi ìdùnnú gbà á. Ìwọ́de ni wọ́n ṣe lòdì sí i. Síbẹ̀, àwọn 2,364 ni ó kọ́kọ́ lọ ní ọdún náà, láti ìgbà náà ni wọn kò sì ti dáwọ́ dúró.

Mo wá bá a dá májẹ̀mú. Mo ní, "Lọ síbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Bí o bá ṣì ń sunkún lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, èmi fúnra mi ni yóò bá ọ wá ẹni tí yóò yí ọ padà." Ó gbà, ṣùgbọ́n ìgbà tí ó gbà á, ó gbà á bí ẹni tí ń gba ẹgbà ni.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Oko Ọba mọ bí àdúgbò wa ti rí. Odò ẹran ńlá tí ìjọba kọ́ wà níbẹ̀. Kí ìmọ́lẹ̀ tó là ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn Hausa tí wọ́n kó màlúù wá láti Òkè Ọya, àwọn alápatà, àwọn aláàárù, àwọn obìnrin tí ń ta ṣàkì, pọ̀nmọ́, ẹ̀dọ̀ àti fùkù, gbogbo wọn ni ó ti wà lórí ìdúró kí olùkọ́ tó jí. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ọmọbìnrin wa ń kọ́, ilé irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni wọ́n ti wá.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹjọ́ ni ó ń rò fún mi lálaalẹ́. Ó ní àwọn ọmọ náà ń pẹ́ dé, wọ́n ń sùn ní kíláàsì, wọn kò mọ ìṣirò. Ó ní ọmọkùnrin kan wà láàárín wọn tí ó jẹ́ olórí àwọn apẹ́lẹ́yìn. Ojoojúmọ́ ni ó ń nà án ní pàṣán mẹ́ta mẹ́ta. Ọmọ náà kò sì ń sunkún, bẹ́ẹ̀ ni kò ń ṣàlàyé. Ó ní, "Bàbá, olóríkunkun ni."

Èmi pàápàá, mo dákẹ́. Nígbà tí mo jẹ́ olùkọ́, mo na irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí.

Ó ku iṣẹ́ kejì. Ètò àwọn àgùnbánirọ̀ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fohùn ṣọ̀kan pé àwọn yóò lọ kọ́ àwọn obìnrin ẹlẹ́ran ní ìmọ́tótó. Wọ́n dáwó jọ, wọ́n tẹ ìwé tí ó ní àwòrán ọwọ́ àti ọṣẹ, wọ́n wọ aṣọ àgùnbánirọ̀ wọn tí ó mọ́ tónítóní, wọ́n sì kọrí sí ọjà. Ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ kòkòrò, ó sọ̀rọ̀ àìsàn, ó sọ bí ènìyàn ti ń fọ ọwọ́.

Àwọn obìnrin náà gbọ́ ọ títí ó fi parí. Ìyá àgbà kan tí ń ta ṣàkì wá nu ọwọ́ rẹ̀ sí ìdí ìró, ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọlọ́run yóò bù kún yín. Ṣùgbọ́n ta ni ó sọ fún yín pé a kò mọ̀ pé omi dára? Ṣé ẹ bèèrè lọ́wọ́ wa iye tí a fi ń ra omi ni?"

Ọ̀rọ̀ bùṣe. Wọn kò bèèrè. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó bèèrè ohunkóhun kí wọ́n tó lọ tẹ ìwé. Àwọn àgbà ní abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Àwọn ọmọ wa ti rin ìrìn wọn kí wọ́n tó rántí pé ó yẹ kí wọ́n bèèrè ọ̀nà.

Ọmọbìnrin wa ní nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ òun yípadà láti máa lọ ilé, ìtìjú ni kò jẹ́ kí òun tẹ̀lé wọn. Ó dúró ti ìyá àgbà náà. Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, èló ni ẹ fi ń ra omi?" Ìyá náà fà á jókòó lórí àpótí. Ó ṣàlàyé fún un pé ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́rúwà ni àwọn ti ń ra omi ní kẹ́ẹ̀gì, àti pé ẹni tí kò bá ní owó lọ́wọ́ ní òwúrọ̀ yóò rán ọmọ rẹ̀ lọ pọn ọ́n níbi tí ó jìnnà. Bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ ni ọmọkùnrin kan dé, tí ó ru garawa lórí, tí omi ń kán sí i lọ́rùn. Ó rí olùkọ́ rẹ̀, ó dúró bí igi.

Ẹ ti mọ ẹni náà. Ọmọ tí ó ń nà ní pàṣán mẹ́ta lójoojúmọ́ ni. Ọmọ-ọmọ ìyá àgbà yìí ni. Aago mẹ́rin òwúrọ̀ ni ó ń jí pọn omi fún ìyá rẹ̀ àgbà, kí ó tó wẹ̀, kí ó tó wọṣọ, kí ó tó sáré lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láti lọ jẹ pàṣán.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ àbúrò mi kò jẹun. Ó bi mí pé, "Bàbá, kí ni kí n ṣe?" Mo ní, "Ìwọ mọ ohun tí ó yẹ." Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó tún lọ sí ọjà kí ó tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ ìyá àgbà náà. Ìyá náà kò pariwo. Ó ní, "Dìde, ìwọ kò mọ̀ ni. Ní báyìí o ti mọ̀."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ ìsìnlú ọmọ yìí tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo èyí tí ó ti ṣe ṣáájú, ariwo ni.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó ṣe ni pé ó tọ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ lọ, ó bẹ̀ ẹ́ kí wọ́n yí àkókò ìṣirò kúrò ní ìbẹ̀rẹ̀ òwúrọ̀ sí ẹ̀yìn ìsinmi, kí àwọn ọmọ tí ó ń ti ọjà bọ̀ lè bá a. Wọ́n gbà fún un. Èkejì ni pé ó ju pàṣán sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀kẹta ni ó yà mí lẹ́nu jù. Ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìdajì àti ìdámẹ́rin fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò sì yé wọn. Ní ọjọ́ kan tí ó jókòó ti ìyá àgbà ní ọjà, oníbàárà kan dé, ó ní òun fẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin pọ̀nmọ́ kan. Ọmọkùnrin wa yìí mú ọ̀bẹ, ó là á sí méjì, ó tún la ìdajì kan sí méjì, ó yọ ẹyọ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ṣírò owó rẹ̀ lẹ́nu kí oníbàárà tó tú àpò. Olùkọ́ rẹ̀ la ẹnu sílẹ̀. Ọmọ tí ó gba òdo nínú ìwé ni èyí!

Láti ọjọ́ náà, kò fi èdè ìwé bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ mọ́. Orí tábìlì ẹlẹ́ran ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, kí ó tó dé orí pátákó. Ó sọ fún mi pé, "Bàbá, mo kàwé, n kò sì mọ̀ pé n kò mọ bí a ti ń kọ́ ènìyàn."

Àwọn obìnrin náà rí i pé ó mọ ìwé owó. Wọ́n bi í bóyá ó lè bá àwọn wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ àwìn, nítorí ẹni tí ó ra ẹran láwìn lánàá lè sọ lónìí pé òun ti san. Ó fi ọjọ́ ìsìnlú rẹ̀ kọ́ wọn láti máa kọ ọ́ sílẹ̀. Fún àwọn tí kò mọ̀wé, wọ́n jọ ṣe àmì: ìlà kan fún ẹgbẹ̀rún náírà kan, òbìrípo fún ẹgbẹ̀rún márùn-ún, àti àwòrán kékeré tí yóò rán wọn létí ẹni tí ó jẹ wọ́n. Àwọn obìnrin náà ni ó mú àmì wọ̀nyí wá fúnra wọn. Obìnrin méje ni ó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọdún fi máa parí, ó ku mẹ́ta. N kò ní bù mọ́ ọn fún yín. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta náà kò bá oníbàárà jà nítorí àwìn mọ́.

Kì í ṣe òní ni ilẹ̀ Agége bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àlejò lẹ́kọ̀ọ́. Kí ilé tó bo ibí yìí, oko kòkó àti oko obì ni. Ní ọdún 1907, àwọn àgbẹ̀ Agége dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, èyí tí J. K. Coker, ọkùnrin ìjọ Áfíríkà tí oko rẹ̀ wà ní Ìfàkọ̀, jẹ́ aṣáájú rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ń kọ́ ara wọn ní ọgbọ́n oko, wọn kò sì fi í pamọ́. Àwọn ènìyàn tí wọ́n wá ṣiṣẹ́ fún wọn láti ilẹ̀ Yorùbá lókè mú ìmọ̀ kòkó àti irúgbìn rẹ̀ padà sí ìlú wọn. Wọ́n fi ọwọ́ ṣe é, ọwọ́ sì kọ́ orí.

Àwọn baba wa mọ èyí tipẹ́tipẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní àáró àti ọ̀wẹ̀. Nínú àáró, àwọn ọ̀dọ́ ń bá ara wọn roko ní ìpín ìpín: lónìí ó kan oko tìrẹ, lọ́la ó kan oko tèmi. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ kọ́lé tàbí tí ó fẹ́ ro oko ńlá yóò ké sí àwọn ènìyàn, yóò sì fún wọn ní oúnjẹ. Ẹni tí ó bá lọ sí ọ̀wẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni ó ti ń rí bí àgbà ṣe ń mọ ògiri. Nígbà tí yóò fi kọ́ ilé tirẹ̀, ó ti mọ̀ ọ́n.

Àwọn Òyìnbó pàápàá rí irú ọgbọ́n yìí kọ́ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa. Ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí ń jẹ́ Alec Dickson, tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà nígbà tí Òyìnbó ń ṣe àkóso. Ní ọdún 1951, ó dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Man O' War Bay, ní apá gúúsù Kamẹrúùnù tí wọ́n ń ṣe àkóso rẹ̀ pọ̀ mọ́ Nàìjíríà nígbà náà. Àwọn ọ̀dọ́ ni ó ń kó lọ síbẹ̀ láti kọ́ ìfaradà àti láti bá àwọn ará abúlé ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1958, òun àti aya rẹ̀ Mora dá ẹgbẹ́ VSO sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti rán àwọn ọ̀dọ́ wọn lọ ṣiṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ ní ilẹ̀ òkèèrè. Ohun tí ó gbà gbọ́ ni pé iṣẹ́ ìsìn ń ṣe ẹni tí ń sìn ní àǹfààní bí ó ti ń ṣe ẹni tí a ń sìn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n dá a ní ìmọ̀ràn fún yín.

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá tí ẹ ń tajà, ẹ má sáré wá ẹni tí yóò yí ọmọ yín padà nítorí pé ibi tí wọ́n fi í sí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ bi í léèrè ohun tí ó rí níbẹ̀ kí ẹ tó bi í léèrè owó tí wọ́n ń san. Ṣùgbọ́n bí ewu bá wà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. A kò gbàgbé pé ní oṣù kẹrin ọdún 2011, wọ́n pa àgùnbánirọ̀ mẹ́wàá ní Ìpínlẹ̀ Bauchi nínú rògbòdìyàn ìdìbò. Ẹ̀mí kì í ṣe ohun tí a fi ń kọ́ ẹ̀kọ́. Bí ọmọ bá ní ẹ̀rù ń ba òun, ẹ gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ẹ má sọ àgùnbánirọ̀ di ẹrú. Ọmọ tí a kó gbogbo iṣẹ́ lé lórí kí àwọn tí ń gba owó oṣù lè máa sinmi, kò ní kọ́ ohun mìíràn ju ìkórìíra iṣẹ́ lọ. Ẹ fi ọ̀nà hàn án, ẹ sì jẹ́ kí ó fi ọ̀nà tuntun han ẹ̀yin náà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Ẹ jókòó lórí àpótí wọn kí ẹ tó dìde sọ̀rọ̀. Ohun tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣe é pẹ̀lú wọn, kí ó má baà kú ní ọjọ́ tí ẹ bá lọ. Bí ẹ bá sì ṣi ẹsẹ̀ gbé, ẹ padà lọ tọrọ àforíjì. Bí ọmọ tí a ṣẹ̀ kò tilẹ̀ ju garawa tí ó rù lọ, ó yẹ ní títọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, mo dúró kí ọmọ àbúrò mi wá mú májẹ̀mú wa ṣẹ. Kò wá. Mo pè é, mo ní, "Ṣé kí n bá ọ wá ẹni tí yóò yí ọ padà sí báńkì?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n lọ, ìyá ń dúró dè mí. Ọjọ́ òwò ńlá ni òní." Nígbà tí ó parí ọdún rẹ̀, ìyá rẹ̀ wá láti Òṣogbo, mo sì mú un lọ sí ọjà lọ kí ìyá àgbà. Àwọn oníṣòwò méjì náà gbá ara wọn mú. Ìyá àgbà di ṣàkì fún un, ó kọ̀, kò gba owó. Ó ní, "Ọmọ rẹ kọ́ wa, àwa náà sì kọ́ ọ. A ò jẹ ara wa ní gbèsè."

Lónìí, ọmọbìnrin náà ń ṣe ìwé owó fún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn oníṣòwò. Owó rẹ̀ kò tó ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní báńkì. N kò tí ì gbọ́ kí ó ráhùn. Ọmọkùnrin tí ń pọn omi náà ti dàgbà. Ó ṣì máa ń pẹ́ dé ibi tí ó ń lọ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè rẹ́ ẹ jẹ nínú ìṣirò.

Ẹ kí gbogbo ilé fún mi. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Olódùmarè bá dá ẹ̀mí sí.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Tíṣà, Oko Ọba